Ohùn Tí Ó Mọ́ Ju Ohùn Tí Ó Pọ̀ Lọ: Títún Sípíkà Ọkọ̀ Àtijọ́ Ṣe

Ibi Kíkà: Lúùkù 14:28-30, 1 Kọ́ríńtì 14:7-9, 1 Àwọn Ọba 19:11-13

Nínú ìwé ìròyìn ìdílé wa yìí, a máa ń sọ̀rọ̀ lórí ìgbéyàwó, ọmọ títọ́, àdúrà, àti bí ó ti yẹ kí onígbàgbọ́ ná owó rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe ọkọ̀ tuntun rárá, bí kò ṣe ọkọ̀ àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń wà lọ sí ibi iṣẹ́, lọ sí ọjà, tí a sì ń wà wá sí ilé Ọlọ́run. Ó lè jẹ́ Peugeot 504 tí bàbá fi sílẹ̀, ó lè jẹ́ Toyota Corolla tòkunbọ̀ tí ó ti lò ju ogún ọdún lọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì lágbára, ṣùgbọ́n bí a bá tan rédíò inú rẹ̀, ohùn tí ń jáde a máa ha bí ìgbà tí a ń họ ìdí ìkòkò.

Àwọn arákùnrin, pàápàá jù lọ àwọn ọ̀dọ́, a máa bi wá pé: “Pásítọ̀, ṣé ó tọ́ kí onígbàgbọ́ ná owó sórí sípíkà ọkọ̀? Èwo ni kí a rà? Ṣé èyí tí a ń gbé sínú búùtù, tí ń mi gbogbo àdúgbò tìtì, ni ó dára jù?”

Ìdáhùn wa rèé. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ohùn dára nínú ọkọ̀ ẹni. Ṣùgbọ́n ohùn tí ó mọ́ ni kí a máa lépa, kì í ṣe ohùn tí ó pọ̀. Ẹni tí ó bá lépa ohùn tí ó mọ́ yóò ná ìwọ̀nba owó, ọkọ̀ rẹ̀ yóò bọ́ lọ́wọ́ ewu iná, etí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì wà ní àlàáfíà. Ní ti ẹni tí ó bá ń lépa ariwo, kí ó rántí pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì, ó fi fèrè, dùùrù àti ìpè ogun ṣe àkàwé. Ohun tí ó ń kọ́ wọn ni pé bí ohùn ohun èlò kò bá ṣe kedere, kò sí ẹni tí yóò mọ orin tí a ń kọ, ọmọ ogun pàápàá kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun múra. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé kí wọ́n fọn ìpè náà kíkankíkan sí i. Kí ó yé ni ni ohun tí ó ń fẹ́.

LÁTI ORÍ AGOGO DÉ ORÍ FÓÒNÙ

Ní ọdún 1930 ni iléeṣẹ́ Galvin ní ìlú Chicago, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé rédíò ọkọ̀ tí wọ́n sọ ní Motorola jáde fún títà. Ní ọdún kan náà ni iná ìsọjí ràn ní Òkè-Oòye ní Iléṣà, níbi tí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ agogo ọwọ́ rẹ̀, ti ń ké sí àwọn ènìyàn láti wá sọ́dọ̀ Olúwa. Ní ọdún 1963, iléeṣẹ́ Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde. Nígbà tí ó fi máa di àwọn ọdún 1980 àti 1990, kásẹ́ẹ̀tì ìwàásù àti ti orin ìyìn ti kún inú ọkọ̀ àwọn onígbàgbọ́ nílẹ̀ wa. Lónìí, orí fóònù ni ìwàásù, orin àti Bíbélì Yorùbá tí a kà sókè wà, a sì lè mú wọn jáde láti inú rédíò ọkọ̀ láìfi wáyà so fóònù mọ́ ọn.

Ẹ̀rọ ń yí padà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni a fi ń rán an: kí ọ̀rọ̀ dé etí, kí ó sì yé ọkàn. Róòmù 10:17 fi hàn wá pé ẹnu ọ̀nà etí ni ìgbàgbọ́ ń gbà wọlé. Ìdílé tí ń lo wákàtí méjì lójúmọ́ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn ní àǹfààní ńlá láti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run pa pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ sípíkà fi kan ilé ìjọsìn.

ILÉ LÀ Ń WÒ KÍ A TÓ SỌ ỌMỌ LÓRÚKỌ

Olúwa wa kọ́ wa nínú Ìhìn Rere Lúùkù pé ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ yóò kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀, kí ó má baà di ẹni tí ó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ tí kò lè parí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ rí. Kí a tó ná kọ́bọ̀ lórí sípíkà, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè wọ̀nyí: Ṣé bíréèkì ń mú dáadáa? Ṣé táyà kò tí ì pá? Ṣé iná iwájú àti ti ẹ̀yìn ń tàn? Bàbá tí ó ra sípíkà tuntun sínú ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ti pá, orin ni ó fi ń sin ìdílé rẹ̀ lọ sínú ewu.

Lẹ́yìn náà, kí a wo bátìrì. Kí mẹkáníìkì tàbí rewáyà fi ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná wò ó. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa, bátìrì tí ara rẹ̀ le, tí iná sì kún inú rẹ̀, yóò fi nǹkan bí 12.6 fóòtì hàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ́tánétọ̀, èyí tí ń pèsè iná fún bátìrì, ti rẹ̀. Kí a tún ìyẹn ṣe ná. Sípíkà tuntun kò lè fún ọkọ̀ ní iná tí ọkọ̀ kò ní.

Kí tọkọtaya sì jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe lọ sí ọjà Aláàbà láti ra ampilifáyà nígbà tí ìyàwó ń ṣírò owó ilé ìwé. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ má ṣe rò pé ohun ìṣeré lásán ni ọkọ yín ń fẹ́; ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ lójoojúmọ́ mọ bí ohùn tí ń ha ti ń fún ènìyàn ní ẹ̀fọ́rí. Kí a jọ fi iye kan sí i, kí a má sì ṣe rékọjá rẹ̀.

OHUN TÍ Ń BẸ NÍNÚ SÍPÍKÀ

Sípíkà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ìlù. Ìlù ní awọ. Sípíkà ní pépà líle, tàbí ike, tí ó rí bí ẹnu àrọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wáyà bàbà tín-ín-rín wà, tí a ká yípo, tí ó sì wọ inú àlàfo òòfà. Bí iná bá ti inú rédíò dé, òòfà yóò máa ti wáyà náà síwá, yóò sì máa fà á sẹ́yìn. Pépà náà yóò máa bá a lọ, yóò sì máa mi afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ó ń mì náà ni etí wa ń gbọ́ bí ohùn. Ní ọdún 1925 ni Chester Rice àti Edward Kellogg ti iléeṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà ṣe àlàyé bí a ṣe lè ṣe irú sípíkà yìí, ọ̀nà yẹn náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ sípíkà òde òní sì ń gbà ṣiṣẹ́.

Etí pépà náà ni ó kọ́kọ́ máa ń darúgbó. Fóòmù tàbí rọ́bà ni wọ́n fi yí i ká, kí ó lè máa jó síwá sẹ́yìn. Nínú ọkọ̀ tí a ń gbé sínú oòrùn láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, fóòmù yìí a máa gbẹ, a sì máa rún bí búrẹ́dì tí ó ti pẹ́ nílẹ̀. Omi òjò tí ó gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọ inú ilẹ̀kùn a máa rọ pépà. Nígbà tí ó bá yá, wáyà inú òòfà yóò kúrò ní àyè rẹ̀, yóò sì máa ha ara mọ́ irin. Òun ni ohùn tí ń ha tí a ń gbọ́.

Kí a tó dá sípíkà lẹ́bi, kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Bọ́tìnnì kan wà lára ọ̀pọ̀ rédíò tí a fi ń darí ohùn sí ọ̀tún tàbí òsì, sí iwájú tàbí ẹ̀yìn. Kí a fi gbọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo wọn bá ń ha bákan náà, ó ṣeé ṣe kí rédíò fúnra rẹ̀ ni ó bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, kí a tú ìdérí rẹ̀, kí a fi ìka mẹ́ta rọra tẹ pépà rẹ̀. Bí a bá mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ń ha nínú rẹ̀, tàbí tí fóòmù rẹ̀ ń rún, àkókò rẹ̀ ti pé.

Èdè wa, èdè olóhùn ni. Ọkọ tí í ṣe olórí aya, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, àti ọkọ̀ tí a ń wà, ohùn ni ó pín wọn níyà. Onílù gángan kò lè fi ìlù tí awọ rẹ̀ ti ya sọ̀rọ̀ kí ó yé ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìwàásù tí ó gba inú sípíkà yíya jáde a máa dá etí lágara kí ó tó dé ọkàn.

WÁÀTÌ ORÍ PÁÁLÍ ÀTI WÁÀTÌ ÒTÍTỌ́

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ nìyí. Lórí páálí rédíò ọkọ̀, a ó rí i pé wọ́n kọ 50 wáàtì lọ́nà mẹ́rin. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé rédíò tí kò ní ampilifáyà lọ́tọ̀ kì í sábà lè fún sípíkà kọ̀ọ̀kan ju nǹkan bí 15 sí 20 wáàtì lọ láìsinmi. Iye tí wọ́n kọ gàdàgbà yẹn, ti ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a wo ibi tí wọ́n kọ RMS sí lórí páálí. Òun ni agbára tí ẹ̀rọ náà lè gbé fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a tún mọ èyí: bí a bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, ohùn kò di ìlọ́po méjì, díẹ̀ ni ó fi ga sí i. Kí etí tó gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì, agbára náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹni tí ó ní 20 wáàtì yóò wá 200. Èyí túmọ̀ sí wáyà tí ó nípọn sí i, bátìrì tí ó tóbi sí i, àti owó tí kò lópin. Ẹ wá rí i pé ẹni tí ń lépa ariwo, omi ni ó ń bù sínú agbọ̀n.

Ọ̀nà tí ó sàn wà. Lórí páálí sípíkà, wọ́n máa ń kọ iye ohùn tí ó lè mú jáde láti inú agbára díẹ̀. Ó lè jẹ́ 87 dB, ó lè jẹ́ 90 dB. Sípíkà tí ó ní 90 yóò fi ìdajì wáàtì ṣe iṣẹ́ tí èyí tí ó ní 87 yóò ṣe. Fún ọkọ̀ àtijọ́ tí a kò fẹ́ di ẹrù púpọ̀ lé bátìrì rẹ̀ lórí, irú èyí ni kí a wá.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ta ọjà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Òwe 11:1 sọ bí Ọlọ́run ti kórìíra òṣùwọ̀n èké tó. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé iye orí páálí kì í ṣe òótọ́, kí ó sọ òótọ́ fún oníbàárà rẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ MẸ́FÀ TÍ Ó TẸ̀LÉ ARA WỌN

Èkíní, kí a wọn àyè. Sípíkà roboto inú ilẹ̀kùn a máa jẹ́ íǹṣì 4, tàbí 5 àti ìdá mẹ́rin kan, tàbí 6 àti ààbọ̀. Èyí tí ó gùn bí ẹyin jẹ́ íǹṣì 6 sí 9. Kí a wọn jíjìn àyè náà pẹ̀lú, kí gíláàsì má baà kọ lu ẹ̀yìn òòfà nígbà tí a bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ohun tí ó dára jù ni kí a tú ti àtijọ́ lọ́wọ́ lọ sí ọjà. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé irin ọkọ̀ rẹ kí sípíkà ńlá lè wọ̀ ọ́. Ibi tí a gé ni ìpẹtà yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Èkejì, kí a bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Bí owó kò bá tó, kí a pààrọ̀ méjì iwájú nìkan. Iwájú ni ó yẹ kí ohùn ti máa wá, bí ìgbà tí a jókòó nínú ìjọ tí a kọjú sí orí pẹpẹ. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni yóò rí i pé méjì yẹn ti tó wọn.

Ẹ̀kẹta, kí a wo wáyà àtijọ́. Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ mìíràn, wáyà kan ṣoṣo ni ó lọ bá sípíkà. Ara irin ọkọ̀ ni wọ́n so ìyókù mọ́. Rédíò òde òní kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Bí a bá so wáyà sípíkà rẹ̀ mọ́ ara irin, ó lè jó rédíò náà. Kí a fa wáyà méjì tuntun lọ bá sípíkà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì gba inú rọ́bà tí ó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀, kí ilẹ̀kùn má baà gé e.

Ẹ̀kẹrin, kí a mọ ojú rere àti òdì, èyí tí wọ́n fi àmì àròpọ̀ àti àmì àyọkúrò hàn. Bí sípíkà ọ̀tún bá ń lọ síwá nígbà tí ti òsì ń lọ sẹ́yìn, wọn yóò máa ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́, ìró ìlù ńlá yóò sì sọnù. Kí a mú bátìrì kékeré ti tọ́ọ̀ṣì, oní 1.5 fóòtì, kí a fi kàn án fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ojú rere bátìrì bá kan ojú rere sípíkà, pépà yóò jáde síta. Kí gbogbo wọn rí bákan náà. Ámósì wòlíì béèrè nínú orí 3:3 bóyá ẹni méjì lè jọ rìn láìjẹ́ pé wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan. Ìbéèrè náà kan sípíkà méjì, ó kan tọkọtaya pẹ̀lú.

Ẹ̀karùn-ún, kí a dí ilẹ̀kùn. Ọ̀rá wà lẹ́yìn bébà ilẹ̀kùn tí ń dá omi dúró. Àwọn oníṣẹ́ mìíràn a máa ya á sọnù. Kí a dá a padà, kí a sì lẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kí a fi fóòmù pẹlẹbẹ yí ẹ̀yìn etí sípíkà ká kí ó tó jókòó. Ìdí rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tí ń ti iwájú sípíkà jáde kò gbọdọ̀ pàdé èyí tí ń ti ẹ̀yìn jáde. Iṣẹ́ yìí kò gba owó púpọ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó ń mú wá a máa ya ènìyàn lẹ́nu.

Ẹ̀kẹfà, ìgbà yìí ni kí a tó ronú nípa rédíò tuntun. Àyè rédíò nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 18 ní fífẹ̀ àti 5 ní gíga. Àyè onílọ̀ọ́po méjì jẹ́ 18 sí 10. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ rédíò tí a ń rà lọ́jà, wáyà aláwọ̀ ìyeyè wà fún iná tí kì í kú láti ọ̀dọ̀ bátìrì, pupa wà fún iná kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, dúdú sì wà fún ara irin. Bí rewáyà bá so pupa àti ìyeyè pọ̀ mọ́ ibi kan náà, rédíò lè máa mu bátìrì lóru, kí ọkọ̀ sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi.

Lẹ́yìn tí a bá ti ṣe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí, kí a ṣe ìdánwò kan. Kí ìyá àgbà jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Kí a tan Bíbélì tí a kà sókè, kí ohùn náà má ga. Kí a bi ìyá pé, “Mààmá, ṣé ẹ ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà?” Àwọn ohùn tín-ín-rín ni etí àgbàlagbà kọ́kọ́ máa ń pàdánù. Bí ìyá bá lè sọ ẹsẹ tí wọ́n kà tẹ̀lé wa láìfi orí nà síwájú, iṣẹ́ náà ti yọrí, kò sí ohun tí a tún ń fi àpótí búùtù ṣe.

WÁYÀ ÀTI FÍÚÙSÌ: IBI TÍ Ẹ̀MÍ WÀ

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì fẹ́ fi ampilifáyà kún un, kí ó ka ìpín yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ampilifáyà tí ń gbé 200 wáàtì òtítọ́ jáde lè fa tó 25 sí 30 áǹpù lára bátìrì nígbà tí orin bá le. Fíúùsì wáyà rédíò tí ó bá ọkọ̀ wá kì í sábà ju 10 tàbí 15 lọ. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ yọ iná ampilifáyà lára wáyà rédíò láé. Láti orí bátìrì gan-an ni kí a ti fa wáyà tirẹ̀.

Fíúùsì gbọdọ̀ wà lórí wáyà náà, kí ó má sì jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ sí bátìrì. Àwọn kan rò pé nítorí ampilifáyà ni fíúùsì ṣe wà. Rárá o. Nítorí wáyà ni. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, tàbí tí wáyà bá bó tí ó sì kan irin, gbogbo agbára bátìrì yóò gba ibẹ̀ kọjá, wáyà yóò pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ, kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yóò sì gbiná. Fíúùsì tí ó wà nítòsí bátìrì yóò já kí ó tó di bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi ìṣó tàbí bébà dídán inú páálí sìgá dípò fíúùsì, ẹ̀rọ iná ni ó gbé sábẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Níbi tí wáyà bá ti gba ihò irin kọjá láti iwájú ẹ́ńjìnnì wọ inú ọkọ̀, kí a fi rọ́bà sí ihò náà. Kí a fi ọ̀bẹ họ ojú wáyà kí a tó rà á: bí inú rẹ̀ bá funfun lábẹ́ àwọ̀ bàbà, kì í ṣe bàbà gidi, kò sì lè gbé iná tí bàbà tí ó nípọn tó o lè gbé. Wáyà tí ó lọ sí ara irin, kí a họ ọ̀dà ibẹ̀ kúrò, kí a sì dè é pinpin.

Ẹ̀yin rewáyà tí ẹ wà nínú ìjọ wa, iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́ iṣẹ́ ìsìn. Oníbàárà kò ní rí ibi tí ẹ fi tépù lẹ̀ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n Ẹni tí ó rí ìkọ̀kọ̀ rí i.

ETÍ ÀWỌN ỌMỌ WA

Etí tí ó bá gbọ́ àlọ ni í gbọ́ àbọ̀. Inú ọkọ̀ kéré, gíláàsì yí i ká, ibi tí ọmọ sì jókòó sí lè súnmọ́ sípíkà ẹ̀yìn ju ibi tí bàbá jókòó sí lọ. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí àgbàlagbà má gbọ́ ohùn tí ó tó 80 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ju 40 wákàtí lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Fún àwọn ọmọdé, 75 ni wọ́n dá. Bí ohùn bá sì ti fi 3 lé sí i, ìdajì ni àkókò náà yóò dín sí. Ní 80, wákàtí 40. Ní 83, wákàtí 20. Ní 86, wákàtí 10. Ní 89, wákàtí 5. Tí ó bá dé 95, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 péré ni ó kù fún gbogbo ọ̀sẹ̀.

Nínú etí wa ni Ẹlẹ́dàá fi àwọn irun tín-ín-rín sí tí ń gba ohùn wọlé. Bí ariwo bá pa wọ́n, wọn kì í hù mọ́. Kò sí oògùn tí ń dá wọn padà. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn tí a sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ìkìlọ̀ ni. Bí a bá ní láti pariwo kí ẹni tí ó jókòó tì wá tó gbọ́ wa, ohùn rédíò ti ga jù. Àwọn òbí, ẹ lè fi èyí ṣe òfin nínú ọkọ̀ yín: kí ọmọ tí ó jókòó lẹ́yìn lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ pe “Dádì” kí Dádì sì dáhùn.

Kì í ṣe ti ọmọ nìkan. Awakọ̀ tí ariwo dí létí kò ní gbọ́ fèrè ọkọ̀ àjàgbé tí bíréèkì rẹ̀ ti já, kò ní gbọ́ ọkọ̀ tí ó gbé aláìsàn, kò sì ní gbọ́ igbe ọlọ́kadà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

ÌGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ RÉDÍÒ DÁKẸ́

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Wòlíì Babalọlá. Ní ọdún 1928, kí ó tó di oníwàásù, ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ títì ni ó ń wà. Ìtàn ìpè rẹ̀ sọ pé ẹ̀rọ náà ṣàdédé dá iṣẹ́ dúró, ó sì gbọ́ ohùn tí ó pe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ dákẹ́, Olúwa sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún Èlíjà lórí òkè Hórébù: ìjì kọjá, ilẹ̀ mì, iná jó, ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo wọn ni ohùn pẹ̀lẹ́ wá.

A ti rí i nínú iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn pé ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń sọ ohun tí ó wà lọ́kàn wọn nínú ọkọ̀ ju inú yàrá ìgbàlejò lọ. Bàbá kọjú sí títì, ojú kò ko ojú, ọ̀rọ̀ sì rọrùn láti sọ. Ọmọbìnrin tí olùkọ́ kan ń yọ lẹ́nu, ọmọkùnrin tí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀: “Dádì, mo fẹ́ sọ nǹkan kan.” Bí orin bá gba gbogbo inú ọkọ̀ kan, àní bí ó jẹ́ orin ìyìn, ọ̀rọ̀ yẹn yóò padà sínú ọmọ náà, ó sì lè má jáde mọ́. Nítorí náà, bọ́tìnnì tí ó ṣe pàtàkì jù lára rédíò yín ni èyí tí a fi ń pa á.

Ẹ̀yin ará, kí ọkọ̀ yín àtijọ́ ní ohùn tuntun tí ó mọ́ gaara. Kí owó tí ẹ ó ná sórí rẹ̀ jẹ́ owó tí ẹ lè fi ayọ̀ ròyìn rẹ̀ níwájú Olúwa. Kí ẹ lọ ní àlàáfíà, kí ẹ bọ̀ ní àlàáfíà, kí etí àwọn ọmọ yín sì mú títí di ọjọ́ ogbó wọn, kí wọ́n lè gbọ́ ohùn Olùṣọ́-àgùntàn rere nígbà tí ó bá pè wọ́n. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

FÚN PẸPẸ ÌDÍLÉ

1. Kí ni ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ tún ṣe lára ọkọ̀ wa kí a tó pààrọ̀ sípíkà?

2. Ta ni ń yan ohun tí a ń gbọ́ nínú ọkọ̀ wa, ṣé ó sì ń yé ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn?

3. Ìgbà wo ni a pa rédíò kẹ́yìn kí a lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ wa?